Iyọ̀ Ìka Mẹ́ta

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́. Òórùn gbúre tí mo sè láìfi iyọ̀ sí lánàá ló gbé mi padà sí Ìkòtún, sí ọ̀sán tí Ìyá mi gbé tùwó ọkà bàbà àti ọbẹ̀ gbúre tí kò níyọ̀ rárá síwájú Bàbá mi.

Bàbá tọ́ ọ wò. "Ìyá Ṣọlá, kí ni mo tún ṣe? Ewúrẹ́ gan-an á bèèrè iyọ̀."

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹun jàre."

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ní àdúgbò wa, obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà ló ń gbé ọbẹ̀ tó tẹ́ fún un, ṣùgbọ́n Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ Bàbá. Nígbà tó wọlé lọ bu omi, mo fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀ sínú ọbẹ̀ náà kí ìjà lè parí. Bàbá rí mi. Ńṣe ló rọra ti abọ́ sún mọ́ mi, kí n tún bù sí i.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé dókítà ló ti ní kó jìnnà sí iyọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nígbà tí Bàbá kú, Ṣọlá ẹ̀gbọ́n mi jogún ilé, àbúrò mi jogún ilẹ̀ tó wà ní Ìgándò. Èmi ni mo jogún ẹ̀jẹ̀ ríru.