Kọ̀ǹpútà Ò Rí Fóònù Boaz

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Boaz Lánípẹ̀kun jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìlárá Rẹ́mọ, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì lẹ́nu ọmọ alágídí. Ó ti ki ẹnu okùn kan bọ fóònù, ó ti ki ẹnu kejì bọ kọ̀ǹpútà. Iná ń wọ fóònù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò sọ pé òun rí nǹkan kan.

Boaz ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́ tí Ellen, ìyàwó rẹ̀, ti kú, òun nìkan ló kù nínú ilé náà. Ellen ló máa ń fi fóònù gba ohùn ìwàásù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sábáàtì, ìyẹn ọjọ́ Àbámẹ́ta. Yóò gbé e sórí kọ̀ǹpútà, yóò dà á sínú mẹ́mórì pélébé, yóò sì gbé e lọ fún Màmá Kòfowórọlá ní Ìpara, arúgbó tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó jáde mọ́, kí ó lè máa gbọ́ ọ nínú rédíò kékeré rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó rántí màmá náà. Nígbà tí Boaz rántí, ojú tì í, ó sì gba ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí yóò ṣe dé inú mẹ́mórì ló wá di wàhálà.

Ó yọ okùn, ó tún un kì. Ó gbé e sí ihò mìíràn. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Níkẹyìn, ó pe Dásọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá.

"Dádì, ẹ káàsán sà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Kọ̀ǹpútà yìí ni ò rí fóònù mi."

"Ṣé ẹ ti ṣí fóònù yẹn? Tó bá wà ní títì, kò ní rí i."

"Mo ti ṣí i."

"Ẹ fọwọ́ fa ojú ẹ̀ wálẹ̀ látòkè. Ṣé ó ń bi yín bóyá iná nìkan lẹ fẹ́ gbà, àbí ẹ fẹ́ kó fáìlì?"

Boaz fà á wálẹ̀. "Kò bi mí ní nǹkan kan."

"A jẹ́ pé okùn yẹn ni. Okùn míì wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé. Èyí tí Mọ́mì ń lò dà?"

Boaz wo ọ̀nà yàrá. "Mi ò mọ ibi tó wà."

"Ẹ wá a dáadáa, sà. Wọ́n ti ń pè mí ní mítìn. Màá pè yín padà."

Kò pè padà. Bẹ́ẹ̀ Boaz mọ ibi tí okùn wà. Inú báàgì Ellen ni, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ellen ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sì tíì kàn án láti ìgbà náà. Boaz dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wo báàgì, ó padà. Oòrùn wọ̀, ìsinmi Sábáàtì wọlé, ó pa kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó wa ọkọ̀ lọ sí Ìpara, ó mú fóònù gan-an dání. Ó bá màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàsán mà. Èmi ọkọ Ellen ni."

"Ọkọ Ellen! Jókòó, ọmọ mi."

Àwọn méjèèjì gbọ́ ìwàásù náà tán. Bí Boaz ṣe fẹ́ dìde, màmá ní kí wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n sè sílẹ̀ lánàá fún un.

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Mo fẹ́ máa lọ."

"Ellen kì í lọ bẹ́ẹ̀. Yóò jókòó títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú, ọ̀rọ̀ ni yóò máa sọ."

Ẹnu ya Boaz. Ohun tí Ellen máa ń sọ fún un ni pé ọkọ̀ ló pẹ́ kó tó kún. Boaz náà ò sì fìgbà kan sọ pé òun á fi mọ́tò gbé e lọ.

"Ọ̀rọ̀ kí ni, mà?"

"Ọ̀rọ̀ gbogbo. Ó ní ọkọ òun dáa, kò fìyà jẹ òun, ṣùgbọ́n ilé yín dákẹ́ jù. Ó ní òun lè máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kí o dáhùn 'hẹn' lẹ́ẹ̀kan péré."

Boaz mú ṣíbí. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà díẹ̀, ó dágbére. Bó ṣe ń wakọ̀ bọ̀, ó ń ronú pé láti ọjọ́ yìí wá, òun ti rò pé àlàáfíà ni ìdákẹ́jẹ́ ilé àwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó gbé báàgì náà wá sórí ibùsùn, ó ṣí i. Áńkáṣífù tí a ká dáadáa wà níbẹ̀, gíláàsì ìkàwé, súìtì tó ti yọ́ mọ́ bébà rẹ̀, àti okùn dúdú tí a fi rọ́bà dì. Ó pẹ́ nídìí báàgì náà, omi ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí ó ki okùn náà bọ fóònù, ìbéèrè jáde lójú ẹsẹ̀: ṣé iná ni, àbí fáìlì? Ó tẹ fáìlì. Kọ̀ǹpútà dún, orúkọ fóònù rẹ̀ sì yọ.

"Ó ti rí i o!" ni Boaz pariwo, ó sì yíjú sí ilé ìdáná.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó pe Dásọ́lá. Fóònù dún títí ó fi gé. Ó da ìwàásù sínú mẹ́mórì, ó wọ bàtà, ó tún mú ọ̀nà Ìpara pọ̀n. Inú màmá dùn, ó gba mẹ́mórì, ó kì í sínú rédíò rẹ̀, ó na ọwọ́ láti tàn án.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tàn án," ni Boaz wí. "Kí ni Ellen tún sọ?"

Màmá gbé rédíò sílẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ó pọ̀ o. Fa àga yẹn mọ́ra."