Ojú Ìwé Kìíní tí Attracta Kì Í Kà

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Attracta Heneghan fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọléèwé ní abúlé Carrowbeg. Kò sí ilé tí kò mọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ilé tí kì í dúró kí, àfi ilé àwọn Ruane. Yóò gbé àwọn ọmọ wọn, yóò sọ wọ́n kalẹ̀ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n “ẹ káàárọ̀” lásán kò jáde lẹ́nu rẹ̀ sí àwọn òbí wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Festus, bàbá bàbá rẹ̀, ló ti pariwo fún gbogbo ayé pé Michael Ruane jí abo àgùntàn mẹ́rin òun lórí òkè, láti ìgbà náà ni ìjà ọ̀hún ti di ogún ìdílé.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìkàwé ní Castlebar lọ́jọọjọ́ Túsìdeè láti ka àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́. Àwọn ẹlòmíì tó ń wá ìtàn ìdílé wọn níbẹ̀ ń wá ọlọ́lá tó ṣeé fi yangàn. Àgùntàn ni Attracta ń wá.

Àǹtí Delia ló rán an níṣẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ Festus, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Lọ́dún 1949, Coleman, ọmọ Michael Ruane, ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Delia fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi bò títí dòní. Ṣùgbọ́n ọmọ olè kọ́ ni yóò mú wọ ilé bàbá rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí i pé kò ṣeé ṣe. Coleman gba Coventry lókè òkun lọ, ibẹ̀ ló kú sí. Delia kò lọ́kọ rárá.

“Bá mi wá ẹjọ́ yẹn rí,” ó sọ fún Attracta. “Bàbá mi ní àwọn dé kóòtù, òun sì jàre. Mi ò fẹ́ kú láì mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe dáa.”

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Attracta fi wá a. Ojú ìwé kóòtù nìkan ló ń kà: ẹni tó mutí gun kẹ̀kẹ́, ẹni tí ajá rẹ̀ kò níwèé àṣẹ. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, á ka ti ìsìnkú, níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ gbogbo ẹni tó wá ṣọ̀fọ̀. Ojú ìwé kìíní ńkọ́? Yóò yí i kọjá ni. Láyé ìgbà yẹn, ìpolówó ọjà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

“O tún ti dé,” ni Majella tó ń bójú tó ibẹ̀ wí lọ́jọ́ kan. “Àwọn òkú ti ń béèrè ẹ.”

“Kí wọ́n bá mi wá àgùntàn mi, kí n yéé yọ wọ́n lẹ́nu.”

“O ti wo ojú ìwé kìíní?”

“Kí ni mo fẹ́ fi akọ màlúù títà ṣe?”

“Bàbá mi sanwó fún ìkéde àforíjì síbẹ̀ rí, lẹ́yìn tó pe tíṣà ní ọ̀mùtí. Tí lọ́yà bá ti kọ̀wé sí èèyàn, tí kò sì fẹ́ dé kóòtù, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀bẹ̀.”

Attracta ká fíìmù tí wọ́n ya àwọn ìwé ìròyìn náà sí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó rí i, nínú ìwé ìròyìn oṣù kẹta ọdún 1947, láàárín ìpolówó irúgbìn pòtétò àti ti òde ijó:

“Èmi, Festus Heneghan ti Carrowbeg, kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Michael Ruane lórí àgùntàn jẹ. Irọ́ ni. A ti rí àwọn àgùntàn náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ẹbí rẹ̀.”

Ojú tì í débi pé kò lè wo Majella. Àwọn ará àdúgbò ti kà á dájúdájú, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ ilé Festus lọ wí i? Nígbà tó ń wakọ̀ padà sílé, ó rò ó pé kí òun kúkú sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Kí ni òtítọ́ fẹ́ ṣe fún arúgbó báyìí? Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni Delia ní kó bá òun wá, kì í ṣe ìtùnú.

Ó jókòó ti Delia lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó sì kà á fún un.

“Ọdún wo?” ni Delia béèrè.

“1947, Àǹtí.”

“Ọdún méjì kó tó béèrè mi.” Ó ti igi kan sínú iná. “Coleman sọ fún mi. Ó ní ó wà nínú ìwé ìròyìn. Mo pè é ní òpùrọ́ ọmọ olè.”

“Ẹ ò mọ̀ ni, Àǹtí.”

“Mo bi Bàbá mi. Ó ní kí n yéé da ara mi láàmú, kí n jókòó kọ lẹ́tà mi sí Coleman.” Ó ń wo iná. “Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, Attracta, Bàbá fúnra rẹ̀ ló wọ bàtà tó rin inú òjò lọ ra sítáǹbù.”