Afẹ́fẹ́ fún Odò Inú Gíláàsì

Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Basin kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ní àwọn ọdún tí mo ń sọ yìí, yóò rí fèrèsé kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò jọ ti àwọn ilé yòókù. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ti gílóòbù. Funfun ni, àwọ̀ ewé sì fara hàn díẹ̀ nínú rẹ̀. Ilé Abdulmumini oníṣẹ́ iná nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ṣàngó, níbi tí ó ti ń tún fáànù àti iná gbọọrọ funfun ṣe, gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ti tú nǹkan palẹ̀, kì í dìde títí yóò fi mọ ohun tí ó ṣe é.

Alfa Abdulkadir ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní ìgboro àtijọ́. Abdulmumini ni àkọ́bí wọn, òun ni wọ́n sì fọkàn sí pé yóò jókòó sí àyè wọn lórí ẹní. Ó kéwú títí ó fi kù díẹ̀ kí ó parí, kí ó tó sọ pé iṣẹ́ iná ni òun fẹ́ kọ́. Alfa kò bú u, wọn kò sì lé e. Wọ́n kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ náà sì pẹ́. Ọmọ fẹ́yàwó, ó bímọ, ó kọ́lé sí Basin. Alfa wá ṣe àdúrà sí ilé náà, wọ́n mu omi níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìgbà kankan sùn níbẹ̀ rí. Abdulraheem, àbúrò Abdulmumini, ni ó jogún ẹní.

Ní ọdún 1992, bí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀, orúnkún Alfa kọ̀, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wọn mọ́. Pẹrẹsẹ bí tábìlì ni ilé Abdulmumini tẹ́ ní tirẹ̀, ilé ìwẹ̀ sì wà nínú ilé. Ọmọ lọ bẹ̀ wọ́n. Alfa ní, "Jẹ́ kí n wá wò ó ná. Bí òjò bá dá tí kò sì bá mi lára mu, Abdulraheem yóò wá gbé mi."

Gbólóhùn yẹn ni Abdulmumini gbé lọ́kàn káàkiri. Àyè kan ṣoṣo ni ó rí gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ó bọ́.

Nígbà tí Alfa dé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣàárò rẹ̀: odò Àsà. Láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti máa ń jókòó sórí àpáta létí odò náà lẹ́yìn àdúrà Alásárì, tí wọn yóò máa wo ewéko gbọọrọ tí ń bẹ lábẹ́ omi bí ó ti ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kò sí ohun tí ń fún mi ní sùúrù bí ewé náà," ni wọ́n máa ń wí. "Omi ń ti í lójoojúmọ́, kò bá omi jà, kò sì bá omi lọ."

Abdulmumini kò lè gbé bàbá rẹ̀ lọ sódò lójoojúmọ́, nítorí náà ó pinnu pé òun yóò gbé odò wá bá wọn. Olùkọ́ yunifásítì kan wà ní Tanke tí ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, tí ó ti bá tún iná ilé ṣe rí. Ọkùnrin náà ní àpótí gíláàsì ńlá kan tí ó ti ń sin ẹja tẹ́lẹ̀. Ó fi ta á lọ́rẹ. Abdulmumini da iyanrìn odò sí i, ó gbin ewéko Àsà sínú rẹ̀, ó kó ẹja wẹ́wẹ́ sí i, ó sì so iná gbọọrọ kan mọ́ ọn lórí. Ó gbé e síwájú ẹní tí Alfa ń jókòó sí.

Alfa wò ó pẹ́. "Mumini," ni wọ́n wí, "o ṣeun." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọjú sí i lẹ́yìn Alásárì.

Kò pẹ́ tí ewé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ó ń jẹrà láti ẹnu wá sí ìdí. Abdulmumini sáré lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé.

"Ẹnu méjì ni ewéko fi ń jẹun," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ń fi ọ̀kan jẹ ìmọ́lẹ̀, ó ń fi èkejì jẹ afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí jáde, irú èyí tí ń hó nínú mínírà. Odò ń ṣàn, ó ń rí i gbé wá fún un. Omi tìrẹ dúró sójú kan. O fún un ní oúnjẹ kan, o fi èkejì dù ú."

Ó wá kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí àwọn tí ń sin ẹja ń lò: kí ó po ṣúgà mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ìgò, kí ó fi ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mú ìyẹ̀fun wú sí i, kí ó dé e pa, kí ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ sínú omi. Abdulmumini ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Rọ́bà dírípù, èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, ni ó lò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìhó wẹ́wẹ́ ti ń gòkè nínú omi bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó fi ìgò náà pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó sì gba Ṣàngó lọ.

Ohun tí kò rò ni pé ẹ̀yìn kọ́tìnnì náà gan-an ni Alfa ń kọjú sí bí wọ́n bá ń kírun.

Binta, obìnrin ilé kejì, ni ó kọ́kọ́ pariwo rẹ̀. Ó wá yá odó lọ́wọ́ Rokibat, ìyàwó Abdulmumini, ó sì na imú sókè.

"Ìyá Sakinah, ta ní ń pọn bùrùkùtù níbí?"

"Bùrùkùtù bí i ti báwo? Nínú ilé Alfa?"

"Imú mi kì í parọ́ o. Alfa ń kéwú ní pálọ̀, ọmọ Alfa ń pọn ọtí lẹ́yìn kọ́tìnnì! Ẹ bù díẹ̀ fún wa ná, kí a tọ́ ọ wò!"

Rokibat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu nígbà tí ó rí Alfa lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n di ògiri mú, tí wọ́n sì ń fa afẹ́fẹ́ símú díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Abdulmumini darí dé, ó bá ìgò náà láàárín pálọ̀, ó bá bàbá rẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, búta àlùwàlá wọn sì wà lẹ́sẹ̀ wọn bí ẹrù ẹni tí ó fẹ́ rìnrìn àjò.

"Mumini, kí ni èyí?"

"Baba, oúnjẹ ewé ni. Afẹ́fẹ́ tí ń ti inú rẹ̀ jáde nìkan ni mo ń lò. Kò sí ẹni tí yóò mu ún."

"Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò mu ún. Mo bi ọ́ pé kí ni?"

"Ṣúgà àti ìwúkàrà ni, Baba."

"Bí méjèèjì bá sùn pọ̀, kí ni wọ́n ń dà?"

"Ọtí ni, Baba."

"Kí ni o máa ń ṣe sí omi inú rẹ̀ bí ó bá ti lò tán?"

"Mo fẹ́ máa dà á nù ni."

"Nígbà náà, o fẹ́ máa pọn ọtí tí o ó máa dà nù." Ohùn wọn kò le. "Kì í ṣe mímu nìkan ni a kọ̀, ọmọ mi. Pípọn rẹ̀ pàápàá wà nínú ohun tí a kọ̀. Èmi kò lè kírun kọjú sí i, n kò sì lè máa wo ewé tí ó ń bọ́."

Abdulmumini gbé ìgò náà, ó lọ dà á sí gọ́tà níṣojú wọn, ó sì fi ọṣẹ fọ ìgò. Alfa wò ó títí ó fi parí. Wọ́n gbé búta padà sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Bí òjò bá dá, kí Abdulraheem wá o." Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ sí Abdulmumini láyà.

Ó gbìyànjú láti fi oúnjẹ kan dípò méjì. Ó fi iná gbọọrọ mìíràn kún ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó tún fi òmíràn kún un, títí pálọ̀ fi mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan. Ewé kò gbọ́. Ìdọ̀tí yíyọ̀ tí ń bo òkúta inú odò ni ó gbádùn ìmọ́lẹ̀ náà. Ó bo gíláàsì, ó bo iyanrìn, ó fà bí òwú mọ́ ara ewé, títí Alfa kò fi rí nǹkan mìíràn ju àwọ̀ ewé bíi ti kànga àtijọ́. Síbẹ̀ wọn kò yéé kọjú sí i lẹ́yìn Alásárì. Abdulmumini a máa wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, ojú a sì máa tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, inú Alfa kún. Rokibat ṣe oògùn tí gbogbo ilé mọ̀: ó lọ kán-ún, ó dà á sínú ife, ó sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ó hó ṣìì. Alfa gbé ife náà sẹ́nu, wọ́n sì dá ọwọ́ dúró.

"Rokibat, pe ọkọ rẹ wá."

Abdulmumini sáré dé, ó rò pé àìsàn náà ti le ni.

"Wo ife yìí," ni Alfa wí. "Ìhó yìí, kì í ha ṣe ẹbí èyí tí o ń wá?"

Abdulmumini tẹjú mọ́ ọn. "Ó dà bí ẹni pé òun ni, Baba."

"Ǹjẹ́ ó ń di ọtí?"

"Kò lè di ọtí láé, Baba. Iyọ̀ lásán ni yóò kù nínú ife."

"Láti ọjọ́ tí o ti da tìrẹ nù nítorí mi ni n kò ti ní ìsinmi," ni Alfa wí. "Mo ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọ, mo sì jókòó, n kò bá ọ wá òmíràn. Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́."

Rokibat ni ó fèsì. "Baba, ẹ mu oògùn yín ná, kí ìhó náà má lọ tán. Ẹ̀yin kọ́ ni ewé!"

Alfa bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ilé náà kò tíì gbọ́ irú rẹ̀.

Wọ́n jùmọ̀ tò ó. Ìgò omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fi kọ́ sí ìṣó lókè nítòsí àjà. Kán-ún wà nínú ìgò kejì nísàlẹ̀, tí a dé pa gírígírí. Rọ́bà dírípù ń kán ọsàn sórí kán-ún lẹ́kọ̀ọ̀kan, rọ́bà kejì sì ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sábẹ́ ife kékeré kan tí a da ojú rẹ̀ dé sínú omi, kí omi lè máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Abdulmumini yọ lára àwọn iná tí ó fi kún un, ó ku méjì. Ó ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé ewé kì í jẹ afẹ́fẹ́ yìí nínú òkùnkùn. Bí iná bá lọ tí ọsàn kò sì yéé kán, ẹja ni yóò jìyà rẹ̀.

"Ta ni yóò wá máa tì í bí iná bá lọ ní ọ̀sán?" ni Alfa bi í.

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n yí kẹ̀kẹ́ kékeré ara rọ́bà dírípù náà, èyí tí a fi ń dá ọsàn dúró kí ó má kán mọ́, síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ó rọrùn," ni wọ́n wí.

Ìdọ̀tí náà rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ewé tuntun yọ, ó gùn dé ojú omi, ó sì tẹ̀ bí èyí tí ń bẹ lábẹ́ àpáta Àsà. Òjò náà sì dá.

Ní ọjọ́ tí Abdulraheem wí pé òun ń bọ̀, Abdulmumini tètè jáde lọ sí Ṣàngó, nítorí kò fẹ́ rí bí bàbá rẹ̀ yóò ṣe lọ. Rokibat ni ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún wa. Alfa ti wọ agbádá, wọ́n ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ni iná bá lọ.

"Dúró ná," ni Alfa wí, wọ́n sì yí padà.

"Baba, mọ́tò ń dúró."

"Jẹ́ kí ó dúró. Bí n kò bá ti èyí, àwọn ẹja yìí yóò wá máa yanu lójú omi."

"Ẹ̀gbọ́n mi yóò tì í."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Ṣàngó."

"Ìyá Sakinah ńkọ́?"

"Èmi ò mọ̀ ọ́n tì o!" ni Rokibat kígbe láti ilé ìdáná, ẹni tí ó ń tì í lójoojúmọ́ bí Alfa bá ń sùn.

Abdulraheem wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó.

Abdulmumini fà á títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí ó tó darí sílé. Láti ojú ọ̀nà ni ó ti rí i pé iná ti dé, fèrèsé rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ó ti máa ń mọ́lẹ̀. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Agbádá wà lórí ìṣó. Alfa wà lórí ẹní wọn níwájú gíláàsì, ọwọ́ wọn wà lára kẹ̀kẹ́ kékeré náà, wọn kò sì wẹ̀yìn.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ti tán," ni wọ́n wí. "Ra òmíràn bọ̀ lọ́la."