Ọmọ Salome Tí Kò Fọhùn

Òkúta ni Salome ń fọ́ nídìí òkè Patti ní Lọ́kọ́ja lọ́dún tó ṣáájú òmìnira, fún àwọn tó ń ṣe títì. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè pé báwo niṣẹ́, torí ojú rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán: eruku á bo ìpéǹpéjú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á le bí ìdí ìkòkò. Bámiṣayé ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ọya, ti kú nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Múyìwá, ṣì ń mu ọmú. Láti ìgbà náà ni Salome ti di ìyá, tó di bàbá, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òòlù fúnra rẹ̀.

Ohun tó wá wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju òkúta lọ ni pé Múyìwá kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti lé lọ́mọ ọdún méjì dáadáa, ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń jẹun àjẹyó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agbo ilé tí wọ́n ń gbé ní Natako! Àwọn yẹn á fi Haúsá tọrọ àkàrà, wọ́n á fi Núpé sunkún, wọ́n á wá fi Yorùbá bú ara wọn. Múyìwá á kàn jókòó sáàárín wọn, á máa wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn aládùúgbò ti ń pè é ní odi lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Salome gbọ́, àmọ́ kò ní agbára tó fẹ́ fi bá wọn jà.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ o. Kùtùkùtù ló ń pọ̀n ọ́n lọ síbi iṣẹ́, á tẹ́ aṣọ fún un lábẹ́ igi, á sì dojú kọ òkúta. Ariwo òòlù kì í jẹ́ kí obìnrin kan gbọ́ ohun tí èkejì ń wí, nígbà tó sì yá, kálukú dákẹ́. Bó bá délé, á wẹ ọmọ, á fún un lóúnjẹ, oorun á gbé àwọn méjèèjì lọ. Nígbà tí Bámiṣayé wà láyé, Salome a máa ki ọmọ náà láràárọ̀, a máa bi í bó ṣe sùn, a sì tún máa bá a dáhùn. Nígbà tó rí i pé ọmọ náà ń dàgbà tí kò fèsì, ó fi í sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, kí èèyàn máa bá ẹni tí kò ní dáhùn sọ̀rọ̀, wàhálà lásán ni. Ibi tó ti ṣìṣe nìyẹn, àmọ́ èmi kò lè bá a wí.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Adéòkè, wọ lọ́rì wá láti Ìyàrà láti wá wo ọmọ.

“Okun o, ìyàwó,” ló fi kí i, kó tó jókòó pàápàá. “Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó ti ń fọhùn?”

“Rárá, Ìyá. Kò tíì sọ nǹkan kan.”

“Bàbá rẹ̀ ti ń pè mí nígbà tó wà ní ìwọ̀n yìí. Ahọ́n rẹ̀ ló so. Olóòlà ni yóò gé ohun tó so ó lábẹ́.”

Salome mọ ọmọ kan ládùúgbò tí wọ́n gé bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tí ọmọ náà kò sì dìde mọ́. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi jiyàn? Bó bá kọ̀, wọn á ní òun ló sọ ọmọ ọlọ́mọ di odi.

“Ó dáa, Ìyá,” ló wí.

Lìádì olóòlà, ará Ọ̀yọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé Lọ́kọ́ja tipẹ́, dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni Múyìwá wà lọ́jọ́ náà. Lìádì ní òun kì í gé ahọ́n ọmọ kankan àfi bí ìyá rẹ̀ gan-an bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, nítorí náà wọ́n dúró de Salome. Omi gbígbóná wà nínú abọ́, òwú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abẹ wà lórí aṣọ funfun.

Salome wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó sórí ẹní pẹ̀lú eruku ara rẹ̀. Múyìwá kúrò lórí itan ìyá àgbà, ó wá dúró tì í. Lìádì mú abẹ.

“Bìsìmílà,” ló wí.

Ọmọ náà fọwọ́ lé ìbàdí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó yẹ̀ mí.”

Kò lè pè é já geere, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó wí nínú wọn. Ó ní ó rẹ òun.

“Yéè! Ọmọ mi fọhùn!” Adéòkè fò sókè. “Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́.” Lìádì rẹ́rìn-ín, ó dá abẹ padà sínú àpò. “Etí ń gbọ́, ahọ́n ń yí, kí ló kù tí mo fẹ́ gé? Ohun tí ọmọ bá ń gbọ́ jù nílé ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Àmọ́ ta ló kọ́ eléyìí? Ọmọ tí kò tíì ru igi rí!”

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Adéòkè náà rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Salome mọ ẹni tó kọ́ ọ. Bí òun ṣe ń fọwọ́ lé ìbàdí nìyẹn nígbàkigbà tí òun bá wọlé, bí òun ṣe ń mí nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òun ń sọ kí oorun tó gbé òun náà nìyẹn. Kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ni òun ń sọ ọ́ fún, ògiri ni. Ọmọ yìí sì ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ó gbà pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Inú Salome dùn pé abẹ ti wọ àpò. Ojú tì í. Ó dùn ún dé eegun.

“Bá a sọ nǹkan mìíràn, ìyàwó,” Adéòkè wí jẹ́jẹ́.

Ó gbé Múyìwá sórí itan. Ó wá ọ̀rọ̀, kò rí. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń dúró.

“Múyìwá,” ló wí nígbà tó yá. “Ṣé o ṣeré lónìí?”

Ọmọ náà kò dáhùn. Salome tún bi í.