Ẹni Tó Bá Kúrò Lórí Ìlà

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo wọ aṣọ iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ohùn mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí lò, kì í ṣe ọwọ́ mi. Èrò kún gbọ̀ngàn, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, ti pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bọ́ bàtà, ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ kó fóònù yín sínú abọ́!" Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Olówógbowó ni mò ń gbé, nínú agbo ilé tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá lè pariwo kò ní rí omi pọn. Ọ̀gá wò mí tìyanutìyanu, ó ní, "Ìwọ, ibi ìlà ni wàá máa dúró sí." Báyìí ni mo ṣe di òṣìṣẹ́ tó ń yẹ èrò wò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Inú mi dùn sí ohùn mi nígbà náà.

Àǹtí Fọlákẹ́, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ló kọ́ mi ní èyí tó jẹ́ ti ọwọ́. Kò le lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹrù a wọ inú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú àpò, ẹni tó ni ẹrù a sì gba abẹ́ férémù ńlá kan kọjá, èyí tí àwa ń pè ní géètì. Bí géètì bá ké, irin wà lára onítọ̀hún nìyẹn, a ó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin ló ń yẹ ọkùnrin wò, obìnrin ló ń yẹ obìnrin. Àtẹ́lẹwọ́ la fi ń yẹ apá àti ẹsẹ̀ wò, ṣùgbọ́n tó bá ti di àyà àti ìdí, ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Àǹtí Fọlákẹ́ máa ń sọ fún mi pé, "Kí ọwọ́ ẹ tó dé ibì kan lára èèyàn, kí ẹnu ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Èèyàn ni, kì í ṣe àpò ìrẹsì."

Ojú mi rí nǹkan níbẹ̀. Bàbá kan láti Ìjẹ̀bú bọ́ bàtà, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ agbádá, ó wá ń tú okùn ṣòkòtò kí n tó figbe ta pé, "Bàbá, ó ti tó!" Ìyá kan gbé ìgò àgbo dání fún ọmọ rẹ̀ tó bímọ sí Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí a sọ fún un pé kò lè kọjá, ó jókòó sílẹ̀, ó mu ún tán lójú gbogbo wa, ó ní òun kò ní fi iṣẹ́ ọwọ́ òun sílẹ̀ fún wa mu. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í pọ̀ bí ìlà. Ẹ̀rọ méjì la ní, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń ṣàìsàn ju arúgbó lọ. Obìnrin tó ń rìnrìn àjò pọ̀, àwa obìnrin tó lè yẹ̀ wọ́n wò kò tó nǹkan. Àwọn èrò a dúró títí ẹsẹ̀ wọn a fi wú, ẹlòmíràn a máa gbọ́ tí wọ́n ń pe ọkọ̀ tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sì ní lè ṣe nǹkan kan. "Ẹ ní sùúrù" ni mo máa ń sọ ṣáá. Nígbà tó yá, mo kàn ń sọ ọ́ ni, etí èmi gan-an ò gbọ́ ọ mọ́.

Àwa òṣìṣẹ́ náà kò ṣàìlọ́wọ́ nínú gígùn ìlà yẹn. Kò sí ẹni tí kò ní èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan a dé, a ó fà á síwájú. Àna ẹlòmíràn a dé, a ó fà á síwájú. Ní agbo ilé ọkọ mi, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò a máa fi yangàn pé, "Ìyàwó wa wà níbẹ̀, a ò ní tò." Mo sì ti fa púpọ̀ nínú wọn síwájú lóòótọ́. Àfi ọjọ́ tí èrò kan fi fóònù ká ọ̀kan nínú wa mọ́ ibi tó ti ń ṣe é, ọ̀rọ̀ náà di ariwo, wọ́n sì lé onítọ̀hún lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Bánkọ́lé kó wa jọ, ó ní, "Ẹni tó bá tún mú ará ilé ẹ̀ wá síwájú, òun àti ará ilé ẹ̀ ni wọ́n jọ máa padà sílé."

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tutù tí ọjọ́ ìrìn àjò ìyá ọkọ mi fi kò. Ó ń lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà.

Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ta ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ní Èbúté Èrò títí orúnkún rẹ̀ fi ní òun ò lọ mọ́. Kì í pariwo, kì í bú èèyàn. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, "ìyàwó mi" ló ń pè mí, kò sì sí àárọ̀ tí mo kí i tí orúnkún mi kò kan ilẹ̀. Ó ti ń tọrọ ìrìn àjò yìí nínú àdúrà láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rọ́wọ́ ṣe é fún un ni. Nígbà tó ku ọ̀la, mo lọ kúnlẹ̀ ní yàrá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, ẹ ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ mí. Ẹ má pè mí, ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyàwó yín ni mí. Wọ́n ń ṣọ́ wa lójú méjèèjì."

Ọkọ mi, Múfú, wà lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí i. "Ṣé ìyá mi ló máa wá tò bí ẹni tí ò léèyàn?"

"Múfú, dákẹ́," ni Màmá sọ. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Mo ti gbọ́, ìyàwó mi. Mi ò mọ̀ ẹ́ rí." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ kan dákẹ́ láàárọ̀. Àǹtí Fọlákẹ́ wà nínú ìsinmi, wọ́n sì ti rán Róòsì, obìnrin kejì wa, lọ sí gbọ̀ngàn mìíràn. Èmi nìkan ni obìnrin tó kù nídìí géètì. Ìlà gba ẹnu ọ̀nà jáde síta. Àwọn tó ń lọ sí Úmúrà pọ̀ nínú rẹ̀, híjáàbù aláwọ̀ ewé kan náà ni éjẹ́ǹtì wọn sì rán fún gbogbo obìnrin wọn. Mo mọ̀ pé Màmá wà láàárín wọn. Mo wò lẹ́ẹ̀kan, híjáàbù ni mo rí, mi ò dá ojú mọ̀, mo sì padà sí iṣẹ́ mi. Ara tù mí pé mi ò rí i.

A ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan ké sí mi láti àárín ìlà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, màmá kan níbí fẹ́ lọ tọ̀. Ṣé a lè bá wọn di àyè wọn mú?"

Àpò ẹnì kan ni mò ń tú lọ́wọ́, mi ò gbójú sókè. Mo fi ohùn tó gbà mí síṣẹ́ dá a lóhùn. "Kò sóhun tó ń jẹ́ dídi àyè mú! Ẹni tó bá kúrò lórí ìlà, ẹ̀yìn pátápátá ló máa padà sí!"

"Àgbàlagbà ni wọ́n o, Àǹtí."

"Ṣé wọn ò tọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi, nítorí èrò tó bá ń rẹ́rìn-ín kì í ráyè bú wa. Ìlà sì ń wọ́ lọ bó ṣe ń wọ́.

Lẹ́yìn náà ni géètì ké, mo yíjú, Màmá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fà wọlé. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì bó ṣe rí i tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń ṣe, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

Ìyá ọkọ mi ló ń kí mi bí ẹni tó ń kí àlejò. Orúnkún mi fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀ láti kí i, mo mú un dúró, torí Ọ̀gá Bánkọ́lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Màmá. Mo fẹ́ yẹ apá yín wò." Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, "Mo fẹ́ yẹ ìdí yín wò báyìí." Aṣọ ló bá ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó tutù, ó sì wúwo. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti kan àwọn píìnì tó mú kí géètì ké. Màmá ti ká àkísà síra, bí èyí tí a fi ń di ìdí ọmọ ọwọ́, ó sì fi píìnì so ó mọ́ ìbàdí. Àkísà náà ti gba èyí tó lè gbà.

Ilé kan náà la jọ ń gbé, mi ò sì mọ̀ pé ìtọ̀ kò ṣe é mú mọ́ra fún un mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jí fọ aṣọ rẹ̀ ní kùtùkùtù, tí àwa yóò máa yìn ín pé arúgbó tó lókun ni.

"Màmá," mo pè é jẹ́jẹ́.

Ògiri ló ń wò. Ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì. "Wọ́n ń wò ẹ́. Ṣe iṣẹ́ ẹ."

Mo bẹ Ọ̀gá pé kí n mú un wọ yàrá oníkọ́tìnì tí a ti ń yẹ èèyàn wò níkọ̀kọ̀. Ó ní òfin kò gbà á, òṣìṣẹ́ obìnrin méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àfi tí ìyá náà bá lè dúró de Róòsì. Wọ́n sì ti ń pe àwọn tó ń lọ sí Jẹ́dà, ọkọ̀ ti Màmá, ní ìpè ìkẹyìn. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn Màmá, sí àárín òun àti ìlà, mo sì kúnlẹ̀ kí ara mi lè bo ibi tó tutù. Mo tẹ àwọn píìnì náà wò láti orí aṣọ. Mo dìde, mo ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo fa ìró kan yọ níbẹ̀, mo sì fi wé e ní ìdí.

"Píìnì lásán ni, Sà," mo sọ fún Ọ̀gá. "Kò sí nǹkan kan lára wọn."

Màmá gbé àpò rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí, "Mo ti ṣe àlùwàlá láti ilé o, ìyàwó mi. Ó ti bàjẹ́." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yára lọ. Híjáàbù aláwọ̀ ewé mìíràn bọ́ sábẹ́ géètì, òmíràn tẹ̀ lé e, mo sì ń yẹ̀ wọ́n wò.

Ọkọ mi pè mí lórí fóònù. "Ṣé wọ́n ti kọjá?"

"Wọ́n ti kọjá."

"Kò sí wàhálà?"

Mo ní kò sí.

Nígbà tí Màmá dé láti Mẹ́kà, ilé kún. Ó pín dàbínù àti omi sámúsámù fún gbogbo èèyàn, ó sì ń ròyìn. "Ìyàwó mi yẹ̀ mí wò bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí! Kò ṣe ojúsàájú rárá." Àwọn àgbà agbo ilé ń yìn mí, wọ́n ní ọmọ tó mọ iṣẹ́ ni mí. Mo dojú bolẹ̀. Wọ́n rò pé ìtẹríba ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo jí ṣáájú rẹ̀, mo kó aṣọ rẹ̀ sínú bàkẹ́ẹ̀tì, mo ń fọ̀ ọ́. Ó bá mi níbẹ̀. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó tì mí. Mo ní, "Màmá, ẹ foríjì mí. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n bá yín bẹ̀ mí pé ẹ fẹ́ lọ tọ̀, mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi kẹ̀?" ni Màmá wí. "Kì í ṣèmi ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún. Ṣé èmi lè ní kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni, tí o ti ní kí n má dá ẹ mọ̀? Ìyá tó wà lẹ́yìn mi ni. Nígbà tó o pariwo mọ́ ọn, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Mi ò lè sọ fún un pé ìyàwó mi ni ẹ́. Ojú tì mí."

Ní báyìí, tí mo bá débi iṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ rìn láti iwájú ìlà dé ẹ̀yìn, mo sì ń bi àwọn àgbà ní ohùn jẹ́jẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ yà sẹ́yìn ilé, pé èmi ni n ó di àyè wọn mú. Ọ̀gá a máa ráhùn, a sì tún fi mí sílẹ̀. Àwọn tuntun tí mò ń kọ́ níṣẹ́ rò pé ọkàn mi ló rọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ìyá tó wà lẹ́yìn Màmá ni mò ń wá. Èmi nìkan ni obìnrin tó wà nídìí géètì lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà èmi náà ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti gbìyànjú títí láti rántí bóyá aṣọ tirẹ̀ náà tutù. Mi ò rántí. Mo fọwọ́ kàn án, mi ò sì wo ojú rẹ̀.