Ọ̀fọ̀ Tí Mo Tú Láìmọ̀

Nílẹ̀ wa, a kì í dédé la ọ̀rọ̀ ikú mọ́ èèyàn lórí. Bí ẹnìkan bá kú lọ́nà jíjìn, ẹni tí wọ́n rán wá sílé kì í sọ pé ó kú. Yóò kí wọn, yóò jókòó, yóò béèrè bóyá ẹlòmíì wà nítòsí, lẹ́yìn náà ni yóò tó ní ara lágbájá kò yá díẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé á ti mọ̀. Wọn á rọra sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, wọn á sì sún mọ́ ìyá ọmọ.

Mo mọ àṣà yìí bí ẹni mowó. Mo fi ọdún mẹ́jọ ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó lọ sílé iṣẹ́ rédíò ní Abẹ́òkúta, ó sì pẹ́ tí mo fi ń ka ìkéde òkú láràárọ̀ kí wọ́n tó fi mí sídìí ìròyìn. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí kò yẹ kó ṣi ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ sọ, èmi ni. Èmi náà ni mo sì ṣì í sọ.

Kemta ní Abẹ́òkúta là ń gbé. Obìnrin aláró kan wà ní ọ̀ọ́kán ilé wa, ìdí àdìrẹ ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí. Àlàájà ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, Nọ́ọ̀sì ló sì máa ń pè mí. Bí mo bá rán an létí pé mo ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ tipẹ́, á na apá rẹ̀ sí mi pé kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, á ní, “Ta ló ń ṣe èyí fún mi? Ṣé rédíò ni?”

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ yìí ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà lòun fẹ́ lọ, kí òun kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, kí òun sì máa tilé lọ. Àlàájà kọ̀ jálẹ̀. Bàbá ọmọ náà, kó tó kú, ti ní kó kọ́ iṣẹ́ dókítà níbi tí yóò ti gbọ́ èdè Lárúbáwá mọ́ ọn. Bí ọmọ ṣe gba Sùdáánì lọ nìyẹn. Ó ti wà ní ọdún kẹrin nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, kò sí nínú wọn. Ó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé òun ń tẹ̀lé àwọn kan gba ìhà ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn èyí, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ wa ní kí n bá àwọn oníròyìn mìíràn lọ sí ààlà Ṣáàdì, níbi tí àwọn tó ń sá fógun ń gbà wọlé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ gbéra, Àlàájà wọlé wá. Kò sunkún. Ó fi fọ́tò ọmọ lé mi lọ́wọ́.

“Bí o bá rí i, pè mí lójú ẹsẹ̀,” ló wí. “Ohun yòówù tó bá jẹ́, má fi pa mọ́ fún mi.”

Mo ṣèlérí.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ìrìn àjò dá yín dúró. A wọ bàálù kékeré, a fi ọjọ́ méjì jókòó sínú ọkọ̀ tó ń wọ́ nínú iyanrìn, títí a fi dé ibi tí àgọ́ tẹ́ lọ bí ojú ti lè rí i tó. Odò gbígbẹ kan ló jẹ́ ààlà. A ń gbọ́ ìbọn láti òdìkejì rẹ̀. Bí ó bá dún, gbogbo àgọ́ á dákẹ́, kódà àwọn ọmọ ọwọ́. Bí ó bá tún dákẹ́, kálukú á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohùn àwọn èèyàn ni mo wá gbà sínú ẹ̀rọ mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tí wọ́n ń fa omi sí lára, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti wú níbi tí abẹ́rẹ́ wà, mo sì pa okùn omi náà dé. Dókítà tó ni ibẹ̀ ń wò mí. Ọmọ Sùdáánì ni, òun fúnra rẹ̀ sá wá ni. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo ní mo mọ̀ ọ́n nígbà kan. Ó ju ìbọ̀wọ́ sí mi, kò tún béèrè nǹkan mìíràn. Nọ́ọ̀sì méjì péré ló ní fún àgọ́ mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ ni mo ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé, ìyókù ọjọ́ di ọgbẹ́ wíwẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé ọmọ náà dé, lórí ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà. N kò fi ojú dá a mọ̀, ojú náà ti gbẹ jù. Aṣọ tí wọ́n fi di itan rẹ̀ ni mo rí. Ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ ọn, ṣùgbọ́n létí rẹ̀, aró dúdú ni, ọnà ewé kókò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ tó ya irú ọnà bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ló pa aṣọ yẹn láró nígbà tó ń múra àtilọ, ó gé e sí méjì, ó mú ìdajì lọ, ó fi ìdajì sínú àpótí nílé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ Yorùbá sí i létí. Ó la ojú, ó ní, “Àǹtí,” ó sì tún pa á dé.

Mo sáré gun òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́yìn àgọ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Àlàájà gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni mo ń rò.

“Àlàájà, ṣé ẹ wà níjòókòó? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?”

Ó ní àbúrò òun wà níbẹ̀.

“Mo ti rí i. Ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀...”

Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ọ̀rọ̀ tó kù, pé ó wà láàyè, pé a ó tọ́jú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló gbọ́ ọ.

Mo pè títí, kò wọlé. Wọ́n ní epo tán nídìí òpó tẹlifóònù. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá aláìsàn mi, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí nínú ọkàn tèmi, ìròyìn ayọ̀ ni mo ti jẹ́.

Ọjọ́ méjì kọjá báyìí. Ibà mú ọmọ náà bí iná. Bó ṣe ń gbọ̀n ló ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ọgbẹ́ itan rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dókítà ní ó jọ pé irin ṣì wà nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe gun òkìtì láti fi ìròyìn ránṣẹ́, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń rọ́ wọlé. Èyí àkọ́kọ́ ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èyí kejì ní ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìyá mi ni mo rò pé ó kú. Mo pe ọkọ mi. Èkó ló ń ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ló yẹ kó wà lákòókò yẹn, ṣùgbọ́n ariwo èèyàn ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé ta ló kú.

“Ìwọ lo tú ọ̀fọ̀ fún wọn,” ló wí. “Ìwọ lo ń bi mí?”

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi. Ẹ jókòó. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín. Ara rẹ̀ kò yá díẹ̀. Kò sí èyí tí mo fò níbẹ̀.

Ọkọ mi ròyìn ìyókù. Àwọn àáfà ti wá ṣe àdúà. Àlàájà ti fi aṣọ ọmọ ṣe sàráà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò jẹun láti ọjọ́ tí mo pè, kò sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun, nítorí ta lòun fẹ́ ṣe lò ó? Ohun kan ṣoṣo tó ń tún sọ ni pé Alábàtà lọmọ òun fẹ́ lọ, òun lòun ní kó lọ sókèèrè. Ọkọ mi fi ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo fi sílé wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ka ohun tó rí fún mi. N kò jẹ́ kó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti rí irú rẹ̀ rí lọ́sibítù. Bí kò bá lo oògùn lọ́jọ́ náà, ó lè má rí ọ̀la.

Mo ní kó gbé fóònù fún un. Mo sọ pé ọmọ wà láàyè, mo búra.

“Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì,” ni Àlàájà wí. “Ẹ kú àdúrótì. Ṣé ẹ sin ín dáadáa?”

Láti ìgbà tí a ti mọra, kò fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó rò pé mò ń tù ú nínú ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti í ṣe. Mo sáré wọ àgọ́ bóyá ó lè gbọ́ ohùn ọmọ, ṣùgbọ́n fóònù já lójú ọ̀nà, ọmọ náà kò sì lè dáhùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí n lè fi ránṣẹ́. Mo wò ó, mo pa á rẹ́. Ẹni tó bá rí i á gba ọ̀fọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo lọ bá dókítà, mo ní kó la ọgbẹ́ náà nísinsìnyí kó yọ irin rẹ̀. Ó ní oògùn ìmúnilórun kù díẹ̀, òun ń tọ́jú rẹ̀ de ẹni tí yóò wà lẹ́nu ikú. Mo ní ẹni méjì ló wà lẹ́nu ikú níbí, ọ̀kan wà ní Abẹ́òkúta. Ó wo ojú mi, ó ní kí n lọ fọ ọwọ́.

Mo di itan náà mú, ó là á. Ọyún tú jáde, àfọ́kù irin tó tó ìka ìpẹ̀kun ọwọ́ mi tẹ̀lé e, okùn aṣọ sì tẹ̀lé e. A wẹ̀ ẹ́, a fún un lábẹ́rẹ́. Mo jókòó tì í, mò ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀. Wọ́n tún yìnbọn lódìkejì. N kò gbé orí sókè. Oòrùn kọjá àtàrí, n kò lè pe ilé, nítorí kí ni mo fẹ́ wí?

Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ níwájú orí rẹ̀. Ibà ń wálẹ̀. Ó la ojú, ó béèrè omi, ó wá bi mí ohun tó ṣe mí tí ojú mi fi rí báyẹn. Èmi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ da ilé rú, mo là á mọ́lẹ̀ fún un: wọ́n rò pé ó ti kú, ìyá rẹ̀ kò jẹun, ó sì ti fi aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà.

Èmi àti dókítà fi ibùsùn gbé e gun òkìtì náà. Mo pe ọkọ mi, ó gbé fóònù sí etí Àlàájà. Mo gbé tèmi sí ẹnu ọmọ.

“Màmá.”

Mo ní kó tún pè é.

“Màmá, èmi ni.”

“Ọmọ ta ni wọ́n bẹ̀ kó wá máa fara wé ọmọ mi?” ni Àlàájà béèrè, jẹ́jẹ́.

Ọmọ náà wò mí. Ètè rẹ̀ ti là fún òùngbẹ. Mo rò pé ó ti parí. Ó wá kó ojú jọ, bí mo ti máa ń rí i tó ń kó o jọ láti kékeré.

“Wọ́n ní ẹ ti fún èèyàn ní aṣọ mi. Ta lẹ fún ní ìdajì àdìrẹ tó wà nínú àpótí?”

“Ìyá Ṣàpọ́n,” ni Àlàájà wí, ìyá kan ládùúgbò wa.

“Ìyá Ṣàpọ́n tó máa ń da epo sáṣọ? Màmá, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ya ọnà yẹn. Ẹ lọ gbà á.”

“Wọn kì í gba sàráà padà.”

“Ta ló kú tí ẹ ń ṣe sàráà?”

Lẹ́yìn náà ni Àlàájà sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí wa, àwọn tó yí i ká ló ń bá sọ ọ́.

“Òkú kì í jà sáṣọ. Ẹ bu omi fún mi. Níbo lẹ gbé oògùn mi sí?”

Wọn kò gé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní, ọ̀pá yẹn náà ló sì ń mú lọ sí Alábàtà láràárọ̀. Àlàájà fọwọ́ sí i. Ní tèmi, bí mo bá wà lájò tí mo pe ilé, n kì í kí wọn kí n tó sọ pé kò sẹ́ni tó kú. Ọkọ mi ní ìyẹn gan-an ló ń já òun láyà.

Ọjọ́ tí a mú ọmọ náà wọlé dé, Ìyá Ṣàpọ́n ti jókòó dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ó ró aṣọ náà. Ó ní Ọlọ́run ti gba sàráà, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ òun. Ọmọ náà fi ọ̀pá tilẹ̀, ó rọra bẹ̀rẹ̀ kí i. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó fa etí aṣọ náà súnmọ́ ojú, ó wò ó, ó wá fi ìka hàn mí ibi tí epo dà sí.