Ewé Tí Ọwọ́ Ìyá Àgbà Kò Gbàgbé

Mo rántí òórùn ewé gbígbẹ tó wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Bobè, abúlé wa, ewé tí mo tẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo sì gbé òkúta lé lórí. Àkókò ìjọba sọ́ṣálísì, tí wọ́n ń pe gbogbo wa ní kamaráàdì, ni, mo sì wà ní ọdún kejì mi ní yunifásítì. Mo ti há orúkọ Látìnì ewéko díẹ̀ sórí, mo rò pé ìmọ̀ parí sọ́dọ̀ mi. Mo wọ ẹ̀wù funfun àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rìn la abúlé kọjá. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó gbọ́mọ pọ̀n, wò mí títí. Ó ní, "Òyìnbó wa, ṣé búrẹ́dì lo ń tà ni?"

Ìyá bàbá mi ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Láti Bantè títí dé Akpassi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ tí gìrì bá mú wá. Ewé kan ṣoṣo ló ń lò, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé ti wọlé. Ó ń fi orúkọ bàbá mi pè mí, ó sì ń wá ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Bí ewé yẹn bá bọ́ lọ́kàn rẹ̀, ó tán nìyẹn.

Mo gbé e jókòó bí ẹni tó ń ṣèdánwò, mo ń na ewé gbígbẹ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá àgbà, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ọkọ mi, òkú lo kó wá. Ta ló ń bi òkú léèrè orúkọ?"

Ní ọjọ́ kẹta, ó sunkún nítorí orúkọ náà kò wá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lédè Faransé pé kò sí ohun tó kù nínú iyè rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Èmi kò tilẹ̀ mọ ibi tí pẹpẹ wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àbúrò bàbá mi figbe ta: gìrì ti mú ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà dìde. Ó fa ọwọ́ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiyèméjì kankan títí a fi kọjá oko iṣu. Ó fi ìka kan igi kékeré kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mo kí ọ o," ó sì já ewé tó kọjú sí ìlà oòrùn, tòun ti ìrì lára.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"N kò mọ̀. Panu mọ́, kí o já a."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi, a sì jọ já a. Nígbà tí a délé, ó lo ewé náà fún ọmọ. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ọmọ náà ti ń sùn. N kò ní búra pé ewé ló ṣe é; gìrì a máa lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn.

Lónìí, àwọn tó ń wádìí ọpọlọ sọ pé ibi tí orúkọ ń gbé yàtọ̀ sí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ń gbé, àti pé ọ̀kan lè lọ kí èkejì kù. Àwọn onímọ̀ ewéko pẹ̀lú sọ pé ohun tó wà nínú ewé láàárọ̀ lè yàtọ̀ sí tọ̀sán. Mo kà á, mo rántí ẹ̀wù funfun mi, ojú tì mí.

Mo rí orúkọ Látìnì igi náà nígbà tó yá. Ó ti bọ́ lọ́kàn mi báyìí. Ọmọ tí gìrì mú lọ́jọ́ náà ti di ìyá ọmọ. Òun ni mo mú lọ sẹ́yìn oko iṣu láìpẹ́ yìí, kí ìrì tó gbẹ. Ó bi mí léèrè orúkọ igi náà. Mo gbé ọwọ́ mi lé tirẹ̀.